Ẹ̀yìn Ọrùn Bàbá Mi

Bàbá mi, ẹni tí mo fi ọrùn jọ,

Obìnrin kan gbé orí rẹ̀ sókè níwájú mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì sáré jáde lọ sí ẹ̀yìn ọsibítù lọ sunkún. Kò sí ẹni tí mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún níbẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni ì bá yé. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Àládé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yìí, tí mo ń kọ̀wé sí ẹni tí kò ní kà á. Màmá ti wọ aṣọ funfun rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò rọ̀ lánàá, omi ṣì ń ṣàn wálẹ̀ lára àpáta, ó funfun gbọọrọ bí òwú.

Ara Màmá le, àfi orúnkún rẹ̀ tó máa ń dùn ún tí ilẹ̀ bá tutù. Ọkùnrin kan láti apá Ọ̀ṣun, ilẹ̀ tiyín lọ́hùn-ún, ló ń bá wa ṣe oko kòkó wa ní Àtọ̀sìn báyìí. Ó ń ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n kì í kọrin nínú oko bí ẹ ti ń kọ ọ́. Màmá ní ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ń dẹ́rù ba òun.

Bàbá, tí wọ́n bá ní kí n ya àwòrán ojú yín lónìí, mo lè ṣì í yà. Ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ ti lọ kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yìn ọrùn yín ni mi ò lè ṣì yà láéláé. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìrìn rìn ni mo ti ń tẹ̀lé e lọ sí oko. Ọ̀nà náà kò fẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin lẹ sì máa ń ṣáájú kí ẹ lè máa gbọn ìrì kúrò lára koríko kó má baà rẹ mí. Nítorí náà, ohun tó wà níwájú mi ní gbogbo ìgbà èwe mi ni ìpàkọ́ yín. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àmì dúdú kékeré kan wà lókè ìlà kejì, lápá òsì. Òógùn yín máa ń dúró sínú ìlà náà kó tó ṣàn wálẹ̀. Tí ẹ bá gbé apẹ̀rẹ̀ kòkó rù, iṣan méjì á dìde lápá ọ̀tún àti lápá òsì bí gbòǹgbò igi tó hú jáde nínú ilẹ̀, mo sì máa ń fi wọ́n mọ̀ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó.

Kí ẹ tó wọ oko, ẹ máa ń dúró létí odò, ẹ ó bu omi sí ẹ̀yìn ọrùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó fọ ojú. Mo bi yín léèrè ìdí rẹ̀ nígbà kan. Ẹ ní ibẹ̀ ni oorun ń sá pamọ́ sí tí èèyàn bá jí. Mo gbà yín gbọ́. Mo ṣì ń ṣe é títí dòní kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ẹ̀rọ ni tèmi.

Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá máa ń fi abẹ fá irun ìpàkọ́ yín. Ẹ ó jókòó sórí àpótí, ẹ ó tẹrí ba, ẹ ó sì máa kìlọ̀ fún un pé ẹ ò ní ọrùn méjì. Nígbà tí ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, èmi lẹ gbé abẹ náà fún. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹ̀yin ò sì mira. Mo gé yín níbi àmì dúdú yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ kàn ní kí n máa bá a lọ. Ṣé ó dùn yín gan-an? Ẹ ò sọ fún mi rárá.

Mo rántí ọjọ́ tí ẹ mú mi gun Òkè Ìdànrè, kí n lè rí ibi tí àwọn baba Màmá gbé rí. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ìkirè, ẹ wá ṣe lébìrà nínú oko kòkó fún ọdún kan péré, tí ọdún kan náà sì di ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn ibẹ̀ ju Màmá lọ. Àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń gun òkè náà pọ̀ ju ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, ẹ gbé mi ka ọrùn. Mo di etí yín méjèèjì mú. Gbogbo mímí yín ni mò ń gbọ́ nínú itan mi. Tí ẹ bá yí orí sọ́tùn-ún láti fi nǹkan hàn mí, gbogbo ara mi á yí tẹ̀lé yín. Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé orí ló ń gba ìyìn ẹrù, ọrùn ló ń ru ú. Mo rò pé àwàdà ni.

Bẹ́ẹ̀, ọrùn yín ṣiṣẹ́ o. Láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ní àkókò ìkórè, ẹ ó gbé igi gígùn tí wọ́n so dòjé mọ́ lórí, ẹ ó máa wòkè láti já èso kòkó, ẹ̀yìn orí yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. Mo gbìyànjú rẹ̀ rí, mi ò lè já ju èso márùn-ún lọ kí ọrùn tó máa ta mí.

Ìpéǹpéjú yín ọ̀tún ni àìsàn náà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, kò sí ohun tó ń ṣe é. Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, á wálẹ̀ bí aṣọ fèrèsé tí okùn rẹ̀ já. À ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ ń ṣẹ́jú sí Màmá. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọ́ eegun, ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́kù sínú abọ́ yín. Ẹ ní ebi ṣì ń pa yín, ẹnu ló rẹ̀ yín. Mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé ẹnu rẹ èèyàn nídìí oúnjẹ.

Ìgbà tí ó dé orí ọrùn ni ẹ̀rù wá bà wá. Ẹ ó jí, orí yín á dúró dáadáa. Tó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán bá fi pọ́n, àgbọ̀n yín ti kan àyà. Ọkùnrin tó ti ń wòkè láti ọgbọ̀n ọdún, ilẹ̀ nìkan ló ń rí. Ẹ wá ń fi ọwọ́ òsì ti àgbọ̀n yín sókè tí ẹ bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò sì sọ yín ní Bàbá Onírònú. Ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan ò fi tiwọn ṣe àwàdà. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè wo ojú èèyàn mọ́, ó ní ohun tó ṣe. Ẹ gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà lẹ ò ti lọ sí ìpàdé àwọn àgbẹ̀ mọ́.

Màmá mú yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wòlíì ní kí ẹ wà lórí ilẹ̀ àánú, ibi tí àwọn aláìsàn ń sùn sí nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, fún ọjọ́ méje. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ jí, orí yín dúró ṣánṣán. Wọ́n lu agogo, wọ́n kọrin, Màmá jó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, orí tún wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún odindi ọjọ́ méje, ayọ̀ láàárọ̀, kẹ́kẹ́ pa ní ìrọ̀lẹ́. Wòlíì náà, ẹni rere ni. Ó tẹ̀lé yín délé lọ́jọ́ keje, ó ní, "Bàbá, mi ò mọ ohun tí mò ń rí yìí. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sí ọsibítù." Ní ọsibítù, wọ́n ya àwòrán eegun ọrùn yín, wọ́n ní eegun ti ń gbó, wọ́n fún yín ní kọ́là líle kan tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn. Ó ń mú yín làágùn. Ẹ máa ń bọ́ ọ tí Màmá bá ti kúrò nílé.

Nígbà yẹn, mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, mò ń kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ àti ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n mú wa wọ yàrá tí wọ́n ti ń fi òkú kọ́ni. Lọ́sẹ̀ tó kan ẹ̀yìn ọrùn, ọkùnrin àgbàlagbà kan ni wọ́n gbé síwájú wa, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mi ò rí ojú rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló wà ní ìpàkọ́ rẹ̀. Mo gbé abẹ sílẹ̀, olùkọ́ wa sì ní kí n jáde lọ gba atẹ́gùn. Mo jáde. Mo tún padà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ fún yín, nítorí ẹ máa ń fẹ́ mọ inú nǹkan. Ẹ̀yin náà lẹ tú rédíò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti wo ibi tí ohùn ti ń jáde.

Tí wọ́n bá ṣí awọ kúrò, iṣan tó kọ́kọ́ hàn fẹ̀ bí ìborùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, ó tẹ́ dé èjìká méjèèjì, ó wá lọ parí sí àárín ẹ̀yìn. Òun lẹ fi ń sọ èjìká sókè tí Màmá bá bi yín pé ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò. Lábẹ́ rẹ̀ ni òmíràn wà, tó dábùú ọrùn bí ọ̀já. Ìyẹn ló ń yí orí sọ́tùn-ún àti sósì. Lábẹ́ ọ̀já yìí ni méjì tó ki wà, tó dà bí okùn ńlá, wọ́n gun ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn méjèèjì wá kan ìpàkọ́. Mo mọ àwọn yìí kí n tó dé yàrá náà, àwọn ló ń dìde lọ́nà oko. Iwájú ni orí èèyàn ti wúwo jù, Bàbá. Tí kò bá sí okùn méjì yẹn, gbogbo wa ni ì bá máa wo ẹsẹ̀ ara wa. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ egungun ìpàkọ́, àwọn kéékèèké kan tún wà tí wọn ò gùn ju ìka ọmọdé lọ. Àwọn lèèyàn fi ń mi orí díẹ̀ láti fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, tàbí pé rárá.

Okùn funfun kan sì yọ láàárín wọn. Ó la iṣan tó ki yẹn kọjá bí abẹ́rẹ́ ṣe ń la aṣọ kọjá, ó gun ìpàkọ́ lọ sí àtàrí. Olùkọ́ wa ní òun ló ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ tí ọwọ́ bá kan ẹ̀yìn orí rẹ̀. Kò tóbi ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Mo fi ẹ̀mú gbé e díẹ̀, mo ń ronú pé gbogbo ìgbà tí Màmá fi òróró pa yín lórí, ọ̀nà yìí ni ọwọ́ rẹ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ yín.

Iṣan lẹ máa ń pe gbogbo wọn. Èyí tó ń fà, iṣan ni. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan ni. Èyí tó ń ta yín ní ìdí títí dé ẹsẹ̀, iṣan náà ni. Àwa, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi kọ́ wa. Nígbà tí mo kọ́ orúkọ wọn tán, mo rò pé mo ti gbọ́n.

Mo wálé ní ìsinmi ọdún yẹn. Mo fi yín jókòó sórí àga, mo gbé ọwọ́ lé ìpàkọ́ yín, àwọn okùn méjèèjì sì ti rọ̀ lábẹ́ ìka mi. Mo ní, "Bàbá, iṣan ọrùn yín ló ti dẹ̀. Iṣẹ́ ló máa mú un le padà."

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Iṣẹ́ kẹ̀? Kí ni mo ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún?"

Ṣùgbọ́n ẹ gbà. Mo ní kí ẹ máa fi orí ti ọwọ́ mi sẹ́yìn, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀ títí màá fi ka ẹẹ́wàá, nígbà mẹ́wàá láàárọ̀, nígbà mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a bá fi ṣe é tán, ọ̀rọ̀ yín á ti máa gba imú jáde, itọ́ á sì fẹ́ pá yín lórí. Mo rí i, Bàbá. Mo rí i dáadáa. Mo rò pé àárẹ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́ ni. Mo sọ ọ́ di ogún. Ẹ ò bá mi jiyàn. Ẹni yòówù tó bá wá kí yín, ẹ ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n yín sókè, ẹ ó ní, "Dókítà mi ti dé."

Mo padà sí ilé ìwé. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọyẹ́ dé, ikọ́ mú yín. Ikọ́ lásán tó ń ṣe gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àyà yín náà ti rẹ̀, kò lágbára tí yóò fi wú ikọ́ náà jáde. Màmá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí n máa bọ̀. Nígbà tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ ní Odode tí mo gun ọ̀kadà dé Àládé, wọ́n ti ń gbé àga síta. Mo wọ yàrá. Wọ́n ti tẹ́ yín, orí yín wà lórí ìrọ̀rí, ojú yín kọ sí òkè. Ó pẹ́ tí mo ti rí gbogbo ojú yín bẹ́ẹ̀ láìsí ọwọ́ lábẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn láti rí i, inú mi sì bàjẹ́ pé inú mi dùn.

Ọdún kẹrin ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Obìnrin kan tó ń kọ́ wa sọ fún wa nípa àìsàn kan tí okùn ọpọlọ, irú okùn funfun yẹn, dára nínú rẹ̀, tí iṣan náà dára, ṣùgbọ́n tí ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ lé ara wọn lọ́wọ́ bàjẹ́. Iṣan á gbọ́ ìpè àkọ́kọ́, á gbọ́ ìkejì, lẹ́yìn náà ìpè kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Tó bá sinmi, á tún gbọ́. Ìdí nìyẹn tí àárọ̀ fi máa ń dára. Ó ní ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìpéǹpéjú, ó lè mú ẹnu, ó lè mú ọrùn, ó sì lè dé ibi èémí. Ó ní oògùn wà fún un. Ó wá ní tí a bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe fi ìdárayá tán an lókun. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo fa ìlà sí i nídìí. Bírò náà ya ìwé.

Kò sẹ́ni tó yẹ̀ yín wò fún àìsàn yẹn, nítorí náà mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n mo mọ̀. Odindi ọdún méje ni mo fi gbé e mọ́ra. Gbogbo ìgbà tí Màmá bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níwájú èèyàn pé ọmọ òun tọ́jú bàbá rẹ̀ kó tó kú, mo máa ń wá ohun tí mo fẹ́ lọ mú nínú yàrá.

Obìnrin tí mo ń sọ, aránṣọ ni, ó tó ẹni àádọ́ta ọdún. Àkúrẹ́ ni ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló dì í lápá wọlé wá, òun fúnra rẹ̀ sì fi ọwọ́ òsì gbé àgbọ̀n rẹ̀ dúró. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde lórí àga. Ìwé tó mú wá ní eegun ọrùn rẹ̀ ti gbó, kí n fún un ní kọ́là, kí n sì fún un ní ìdárayá tó máa mú ọrùn le.

Mo bi ọmọ rẹ̀ léèrè bí orí náà ṣe máa ń rí tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ó ní, "Láàárọ̀, ẹ máa rò pé kò ṣe nǹkan kan." Mo fi ọwọ́ mi gbé orí ìyá náà, mo ní kó máa wo àjà, kó má gbé ojú kúrò. Ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Mo ní kó máa ka ení, èjì. Kó tó dé ọgbọ̀n, ohùn rẹ̀ ti ń gba imú.

Mo mú ìwé náà lọ bá ọ̀gá mi. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kì í fẹ́ kí ọmọ kékeré máa yí ohun tí dókítà bá kọ padà. Ó wò ó, ó ní, "Eegun ni wọ́n kọ síbí. Ṣe ohun tí wọ́n ní kí o ṣe."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní lè ṣe é."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ta ló sọ ìwọ di dókítà?"

"Bàbá mi ni, sà."

Kò yé e. Èmi náà ò mọ bí ó ṣe bọ́ lẹ́nu mi. Ọ̀gá mi gbé awò náà padà sójú, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo kọ̀, kí n fọwọ́ sí i, tí ọ̀rọ̀ bá yí padà, èmi ni màá dáhùn fún un. Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Mo mú ìyá náà lọ́wọ́, a rìn lọ bá dókítà tó ń wo okùn ọpọlọ àti iṣan ní ilé kejì, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo rí.

Dókítà náà ní kó jókòó. Ó wo ojú rẹ̀, ó ní kó ká ọwọ́ sókè títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wá fún un ní oògùn oníhóró kan, ó ní ká dúró. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní gbàgede, àwa mẹ́ta. Mò ń wo ọwọ́ òsì rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Kò tó wákàtí kan, mo rí i tí ọwọ́ náà sọ̀ kalẹ̀ sórí itan rẹ̀, orí náà kò sì bá a wálẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó wo igi tó wà níwájú wa láti ìdí dé orí. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin rèé?" ló wí. "Bàtà yín nìkan ni mo mọ̀ láti àárọ̀."

Ibẹ̀ ni mo ti dìde tí mo sáré lọ sí ẹ̀yìn ọsibítù.

Kò tíì san tán o. Dókítà ti sọ fún un pé ó máa pẹ́ lórí oògùn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ṣùgbọ́n ó ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ń jẹran.

Lánàá, mo pinnu pé màá sọ fún Màmá. Ó ń yí kòkó lórí ẹní níta, mo bá a yí i. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò wo ojú rẹ̀. Mo ní, "Màmá, ìdárayá tí mo kọ́ Bàbá, ó wà lára ohun tó mú un tètè lọ."

Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Mo bi í bóyá ẹ ń ṣe é lẹ́yìn tí mo lọ.

"Lójoojúmọ́."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí di Ọjọ́bọ̀." Ọjọ́ kejì Ọjọ́bọ̀ náà ni ọjọ́ Ẹtì tó pè mí.

Màmá ṣì ń yí kòkó nígbà tó fi èdè Ìdànrè sọ ìyókù, bó ṣe máa ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ó ní, "Ta lo rò pé ó ń kà á fún un nígbà tí o lọ? Èmi ni mò ń ka ẹẹ́wàá. Ọwọ́ tèmi ló ń fi orí tì. Mo rí i pé ó ń rẹ̀ ẹ́, mo ní kó fi sílẹ̀. Ó ní tí o bá pè, tí o sì bi òun, òun ò fẹ́ purọ́ fún ọ."

Mo wo ojú rẹ̀ nígbà náà. Ó ti ń sunkún tipẹ́, mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun náà ti fi gbé tirẹ̀ mọ́ra, Bàbá, nínú ilé kan náà, kò sọ fún mi, mi ò sọ fún un. Ó fi apá aṣọ nu ojú, ó wo sánmà, ó ní, "Bá mi kó kòkó yìí wọlé, òjò ń bọ̀." A kó o wọlé.

Ṣé ẹ mọ̀ nígbà náà pé ó ń dá kún un? Ṣé ẹ mọ̀, tí ẹ kàn ń ṣe é nítorí mi? Tí ẹ bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá mi wí tí mo bá já èso kòkó tí kò tíì pọ́n? Mo bi yín ní àwọn ìbéèrè yìí létí ibojì yín láàárọ̀ kí n tó jókòó kọ̀wé. Adìyẹ Màmá nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń tú ilẹ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀gá mi kò tọrọ àforíjì, kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó kàn gbé ìwé kan sórí tábìlì mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pé èmi ni màá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun nípa ọrùn, ní Ọjọ́rú. Màá fi iṣan tó dà bí ìborùn hàn wọ́n, màá fi ọ̀já hàn wọ́n, àti okùn méjì tó ki, àti okùn funfun tó là á kọjá. Màá sọ fún wọn pé kí wọ́n tó ní kí ọrùn kankan ṣiṣẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè bí àárọ̀ ṣe rí, kí wọ́n wo ìpéǹpéjú. Wọ́n á béèrè bí mo ṣe mọ̀. Tẹ́lẹ̀, tí ọ̀rọ̀ yín bá fẹ́ yọ lẹ́nu mi, "bàbá kan" ni mo máa ń sọ, bí ẹni tí mo kà nípa rẹ̀ nínú ìwé. Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Màá sọ fún wọn pé bàbá mi ni, àgbẹ̀ kòkó ni, èmi ni mo sì fún un ní ìdárayá náà.

Màmá ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà, mo rí funfun aṣọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ gba Bíbélì lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí fífẹ́ràn yín kò tíì rẹ̀ ẹ́.